Ẹ Bọwọ́ fún Olùkọ́

Ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, bí wọ́n bá fẹ́ sọ ìtàn Bàbá Ìwà, ara ògiri ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé ni. Òun ló ń mójú tó ìwà àwọn ọmọ kíláàsì kìíní títí dé ìkẹta, àwọn ọmọ tí ohùn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọ́, tí apá wọn ti gùn ju ẹ̀wù wọn lọ, tí wọn kì í ṣe ọmọdé mọ́, tí wọn kò sì tíì dàgbà. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tó máa ń de bọ́tìnì ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ pa lójò lẹ́ẹ̀rùn. Ní ọdún kan, ó rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu kò wọ àwọn ọmọ náà létí mọ́. Ó ní kí wọ́n kọ òfin ilé-ẹ̀kọ́ gàdàgbà sára ògiri ẹnu géètì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní lè sọ pé òun kò rí i. Òfin márùn-ún ni. Ẹ má pẹ́ dé. Ẹ má purọ́. Ẹ jẹ́ kí àyíká mọ́. Ẹ má fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Ìkarùn-ún, tó jẹ́ òpó tó gbé àwọn yòókù dúró lójú tirẹ̀, ni: Ẹ bọ̀wọ̀ fún olùkọ́.

Olùkọ́ èdè bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun fi àmì ohùn sórí àwọn ọ̀rọ̀ náà kí akunlé tó gun àkàbà. Obìnrin kúkúrú ni olùkọ́ yìí, Ìyá Àmì ni àwọn ọmọ ń pè é, nítorí pé àmì kan tí ọmọ bá gbàgbé, máàkì kan ló máa bá a lọ. Ọmọ kan wà tó fi àmì gba òdo lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì tún jẹ gbèsè máàkì mẹ́rin.

"Àmì kí ni?" ni Bàbá Ìwà dá a lóhùn. "Ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀, ṣé ó dìgbà tí eṣinṣin bá ṣu lé e lórí kó tó mọ ohun tó ń kà?"

Bẹ́ẹ̀ ló gbé bébà náà fún akunlé láìsí àmì kankan. Akunlé ní tirẹ̀ jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn ẹwà. Ó kọ àwọn lẹ́tà náà tán, ó fà sẹ́yìn wò wọ́n, ó rí i pé orí wọn pá. Ló bá fi àmì síbi tó bá ti wù ú, bí ẹni tó ń fi ìyẹ́ há fìlà. Orí bá a ṣe é ní ìlà mẹ́rin. Ní ìlà karùn-ún, ó fi orí "bọ" sílẹ̀ lásán, ó wá fi àmì òkè kan tó dára gan-an dé "wọ" lórí. Bàbá Ìwà wò ó látòkè délẹ̀, ó ní iṣẹ́ dé ojú àmì. Ó pe gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ jọ, ó sì kéde pé láti ọ̀la lọ, ohun tí ògiri yìí bá wí ni kí kálukú máa ṣe.

Ògiri wí pé: Ẹ BỌWỌ́ FÚN OLÙKỌ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá Ìwà dúró lẹ́nu géètì bó ti máa ń dúró. Ọmọ tó kọ́kọ́ dé ni ọmọkùnrin kan ní kíláàsì kìíní tí wọ́n ń pè ní Lọ́yà, nítorí pé kò sí ẹjọ́ tí kì í báni rò, pàápàá èyí tó jẹ́ òun gan-an ló jẹ̀bi rẹ̀. Kàkà kó kí Bàbá kó sì kọjá, ńṣe ló na ọwọ́ sí i.

"Kí nìyẹn?"

"Ọwọ́ mi ni, sà."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹsẹ̀. Kí ló wá ṣe níwájú mi?"

"Òfin ni, sà. Ẹ ní ohun tí ògiri bá wí ni ká ṣe."

"Ògiri wí pé kí ọmọdé na ọwọ́ sí àgbà?"

"Òfin karùn-ún, sà. Ẹ dákun, ẹ kà á síta."

Ojú Bàbá Ìwà pọ́n. Ọmọ àná ń na ọwọ́ sí i bí ẹni tí wọ́n jọ ra ilẹ̀! Ó yíjú sí ògiri, ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Lẹ́yìn rẹ̀, Ìyá Àmì ti fi ìwé bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Bàbá wo ògiri, ó wo Ìyá Àmì, ó wá wo ọwọ́ ọmọ náà. Ọwọ́ ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, nítorí pé ìgboyà Lọ́yà kì í pẹ́ tán. Bàbá gba ọwọ́ náà.

"Wọn kì í bọwọ́ bẹ́ẹ̀ yẹn," ló wí. "Dì í mú dáadáa. Wò mí lójú. Wí pé, ẹ káàárọ̀, sà. Ó tó." Ó wá ké sí àwọn tó ti ń kóra jọ lẹ́yìn: "Ẹ tò! Àbí ẹ ò mọ̀wé kà?"

Ó bọ gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí iṣẹ́ àkọ́kọ́ fi kọjá. Olùkọ́ ìṣirò, tó ti dúró nínú kíláàsì òfìfo títí, bínú jáde wá bi í pé irú kí nìyí. Bàbá bọ òun náà lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ìjà ti dé sí yàrá àwọn olùkọ́.

"Ẹ kàn gbà pé àṣìṣe ni, ọ̀gá mi," ni Ìyá Àmì wí. "Bọ̀wọ̀ lẹ fẹ́ kọ. Dò-dò. Ohun tó wà níbẹ̀ ni bọwọ́. Re-mí."

"Ohun tó wà lára ògiri ló wà lára ògiri."

"Òfin kejì ní ká má purọ́ o."

"Ṣé irọ́ ni pé ó wà lára ògiri?"

Kò gbà fún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan, Ìyá Àmì á yọjú, á ní, "Dò-dò." Bàbá kò ní gbé ojú sókè nínú ìwé tó ń kà, á ní, "Re-mí." Nígbà tó yá, kò sí ìkíni mìíràn láàárín àwọn méjèèjì mọ́. Olùkọ́ tuntun kan tiẹ̀ kọ́ ọ sórí, ó rò pé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà níbẹ̀ nìyẹn.

Àwọn òbí kò gbà á pẹ̀lẹ́. Ọkùnrin kan tó jẹ́ káfíńtà fi ayùn sílẹ̀ níbi iṣẹ́, ó gbé ìbínú wá sí ọ́fíìsì.

"Ọmọ mi na ọwọ́ sí mi láàárọ̀ yìí! Èmi bàbá rẹ̀! Ó ní ẹ̀yin lẹ kọ́ òun."

"Ṣé ọwọ́ náà mọ́?" ni Bàbá Ìwà bi í.

"Kí lẹ wí?"

"Ọwọ́ tó nà sí yín. Ṣé ó mọ́?"

Káfíńtà ronú. "Ó mọ́."

"Èékánná rẹ̀ ńkọ́?"

"Mi ò wo èékánná."

"Ẹ lọ wò ó. Ọmọ yẹn ń jẹ èékánná rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi ń yọ. Ó ti tó sáà kan báyìí tí mo ti ń rí i."

Káfíńtà jókòó. Ó pẹ́ kó tó dìde, ọ̀rọ̀ tó sì bá wá kọ́ ni wọ́n jọ sọ. Nígbà tó ń lọ, òun fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé ẹlòmíràn nìkan ni Bàbá Ìwà ń fòfin dè. Ọjọ́ kan wà tí ṣéènì kẹ̀kẹ́ rẹ̀ já lọ́nà. Ó ń fẹsẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ bọ̀, gíríìsì kún ọwọ́ rẹ̀, agogo sì ti lù. Àwọn tó pẹ́ dé ti tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, wọ́n ń retí ìjìyà. Bàbá gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ó lọ dúró sẹ́yìn ẹni tó kẹ́yìn. Ọ̀gá ilé-ìwé sáré jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Àwọn ọmọ ń wò yín!"

"Tórí pé wọ́n ń wò ni."

Ó bọ́ kóòtù, ó gba búrọ́ọ̀ṣì àti korobá, ó wọ ilé ìyàgbẹ́ àwọn ọmọkùnrin lọ. Lọ́yà, tí pípẹ́ dé jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fọ tirẹ̀ bí ògbólógbòó. Nígbà tó yá, ó na ọrùn wo ibi tí Bàbá fọ̀.

"Sà, ẹ má bínú o. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò, igun yẹn ò ní yege."

Bàbá Ìwà wo igun náà. Ó padà kúnlẹ̀, ó tún un fọ̀.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bàbá Ìwà kò wá pẹpẹ, kò wá kèrègbè. Ẹnu géètì ló dúró sí, ó ń kó ọwọ́ àwọn ọmọ jọ láràárọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ wọ́n. Ó mọ ọwọ́ tí ebi sọ di tútù. Ó mọ ọwọ́ tó gbóná, á yọ ẹni tó ni ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní kí nọ́ọ̀sì wò ó. Ó mọ ọwọ́ tó ti fọ aṣọ gbogbo ilé kí ilẹ̀ tó mọ́. Òun àti Ìyá Àmì sì ń jà lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó ń ṣe dáadáa, òun náà kò sì bi ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún kejì ògiri, ọmọbìnrin kan wọ kíláàsì kìíní. Kì í sọ̀rọ̀ sókè, ìyẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó na orí ìka nìkan sí Bàbá, ó sì fẹ́ yára fà á padà. Bàbá yí ọwọ́ náà sókè. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀hún ti bó, ó wú, ó ń ṣomi.

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Mo ṣubú, sà."

"Sórí kí ni?"

Ọmọ náà tún gbìyànjú láti fa ọwọ́ padà.

"Òfin kejì," ni Bàbá rán an létí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Sà, ti ọ̀tún ni wọ́n ṣe yìí. Tí mo bá sọ̀rọ̀, ó ku ti òsì."

Nígbà tí ilé-ìwé parí, Bàbá Ìwà de bọ́tìnì ọrùn rẹ̀, ó sọ fún Ìyá Àmì pé ká lọ. Ilé àǹtí tí ọmọ náà ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n lọ, yàrá kan tí ó fi ń ránṣọ, tó sì tún ń sùn. Ègé aṣọ kún ilẹ̀. Áyọ́ọ̀nù kan jókòó sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìyá Àmì rí i, kò sì lè gbé ojú kúrò lára rẹ̀ mọ́.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó kú ni," ni àǹtí wí kí wọ́n tó jókòó. "Èmi ni mò ń bọ́ ọ. Ó dáná sun aṣọ oníbàárà. Ẹ̀kọ́ ni mo fi kọ́ ọ, ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà."

"Ẹ bọ̀ mí lọ́wọ́," ni Bàbá Ìwà wí.

Ó ya obìnrin náà lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́. Bàbá dì í mú, ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè, ó wò ó pẹ́.

"Yàtọ̀ sí ojú abẹ́rẹ́, kò sí àpá kan níbí. Ta ló tọ́ yín?"

"Ìyá mi."

"Ṣé wọ́n ṣì wà láyé?"

"Wọ́n wà."

"Ẹ jẹ́ kí àwọn náà wá tọ́ èyí. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, lọ́la, èmi àti ọlọ́pàá la jọ máa wá bọ̀ yín lọ́wọ́."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Jẹ́jẹ́ ti wà lọ́dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀. Nígbà tí Bàbá Ìwà àti Ìyá Àmì ń rìn padà láti ilé àǹtí lọ́jọ́ náà, ilẹ̀ ń ṣú, Ìyá Àmì la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan. Bàbá Ìwà ti gbára dì láti fèsì. Ìyá Àmì kò sọ dò-dò.

Ní sáà tí Lọ́yà fẹ́ jáde kíláàsì kẹta, Bàbá Ìwà ṣubú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú yàrá àwọn olùkọ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Kò sẹ́ni tó dúró lẹ́nu géètì mọ́. Ìdánwò ti dé, olùkọ́ kò ráyè. Àwọn ọmọ ń kí wọn lẹ́nu, wọ́n ń kọjá. Òfin karùn-ún wà lára ògiri, ẹnikẹ́ni kò kà á.

Ibà mú Lọ́yà ní ọ̀sẹ̀ náà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé ẹni tí ìdánwò bá fò, ọdún náà fò ó nìyẹn. Ó wọ súwẹ́tà wá nínú ooru. Ẹni tó bá bi í, á ní òtútù ìdánwò ló mú òun, kí wọ́n má ṣe ba ẹjọ́ òun jẹ́. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Àmì ló ṣọ́ ìdánwò èdè. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀ láìmọye ìgbà, ọmọ náà ṣẹ́jú sí i. Ọjọ́ ìdánwò tó kẹ́yìn ló wó lulẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ kàn án, ó sì kígbe. Ó ti pẹ́ jù.

Ìyá Àmì máàkì ìwé rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n sin ín. Lọ́yà, tó fi ọdún mẹ́ta bá a jiyàn pé àmì kò wúlò, kò gbàgbé ẹyọ kan.

Nígbà tí Bàbá Ìwà padà wá, orí àga onítáyà ni wọ́n gbé e wá. Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ fún un ní ọsibítù. Yàrá àwọn olùkọ́ ni wọ́n ti tú u. Ó gbọ́ ọ tán. Ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu rẹ̀ báyìí, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ ní láti tẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Láàárọ̀... ta ló bọ̀ ọ́ lọ́wọ́?"

Ó wo ojú wọn kárí, kò tún bèèrè mọ́ títí tó fi kú.

Ó ní kí wọ́n gbé àga òun lọ sẹ́nu géètì. Ìyàwó rẹ̀ tì í dé ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyọnu mìíràn sì bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ti kú sórí itan rẹ̀. Ti òsì ló ṣẹ́kù, Bàbá Ìwà kò sì ní fi ọwọ́ òsì kí ọmọ ẹnikẹ́ni láyé yìí.

"Ẹ fún wọn ní òsì," ni Ìyá Àmì bẹ̀ ẹ́. "Wọ́n mọ̀ pé àìsàn ni."

"Ìwà burúkú ni."

"Ọ̀gá mi, ta ló máa bá yín wí?"

"Èmi."

Àwọn ọmọ ti tò, ìlà ti gùn, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó kàn. Ní iwájú ìlà ni Jẹ́jẹ́ wà. Ó wo ọwọ́ òsì tí Bàbá gbé pamọ́ sẹ́yìn àga bí ọmọ tó jí nǹkan. Ó wo ti ọ̀tún. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ tí iná bó gbé òkú ọwọ́ náà kúrò lórí itan, ó dì í mú dáadáa, ó sì wo Bàbá lójú.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

Ó dá a padà sórí itan jẹ́jẹ́. Ẹni tó tẹ̀lé e gbé e, bẹ́ẹ̀ títí ìlà fi tán. Ìyàwó Bàbá máa ń sọ pé kò sí ẹni tó wọ́ apá náà bí àwọn ọmọ yẹn, dókítà ọsibítù pàápàá kò tó wọn.

Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ fún sáà méjì ó lé. Lẹ́yìn náà, àrùn náà padà wá gba ìyókù. Ìyá Àmì lọ kí i nílé. Bọ́tìnì ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ wà ní ṣíṣí lórí ibùsùn. Ó jókòó, kò sì mọ ibi tí òun ìbá wò. Bàbá Ìwà gbé ìka òsì sókè pé kó tẹ̀ sún mọ́ òun.

"Dò-dò," ló wí.

Ìyá Àmì ti ń retí ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún gbọọrọ. Nígbà tó dé, kò fẹ́ ẹ mọ́.

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀," ló wí. "Re-mí ni."

"Dò-dò ni. Mo ti mọ̀... láti àárọ̀ kìíní." Ó sinmi kó tó lè parí rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ọmọ ti na ọwọ́. Ṣé kí n fi í sílẹ̀... bẹ́ẹ̀ yẹn?"

Níbi ìsìnkú, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tò láti bọ opó lọ́wọ́. Òjò bẹ̀rẹ̀, wọn kò tú ká. Àwọn agbẹ́sàréè ti kó ṣọ́bìrì jọ, wọ́n dúró. Opó náà na ọwọ́ títí tí ọwọ́ fi wú, ó wá yíjú sí pósí, ó ní, "Bàbá yìí, o ò tún jẹ́ kí n sinmi." Ibẹ̀ ni ẹkún àti ẹ̀rín ti dàrú mọ́ ara wọn.

Ọ̀gá tuntun ti gba ilé-ìwé nígbà náà. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Àwọn alábẹ̀wò láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ń bọ̀, ọ̀dà ògiri sì ti ń ṣí. Ó pe Ìyá Àmì.

"Ẹ ti ja ogun yìí pẹ́, Ìyá. Ẹ ti ṣẹ́gun. Akunlé ń bọ̀ lọ́la, ẹ bá mi tún ìlà karùn-ún ṣe. Tó bá ti di bọ̀wọ̀, àwọn ọmọ á kàn máa kí wa lẹ́nu, wọ́n á wọ kíláàsì lásìkò. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan là ń fi ìṣirò ṣòfò. Àti pé, ta ló máa dúró síbẹ̀ báyìí?"

Ìyá Àmì ní òun ti gbọ́. Ó gbé bébà lọ sílé, ó kọ ìlà márùn-ún pẹ̀lú gbogbo àmì wọn. Dò-dò. Ó wò ó. Kò sí olùkọ́ èdè kan lábẹ́ ọ̀run tó lè rí àléébù lára rẹ̀. Ó rántí súwẹ́tà nínú ooru.

Akunlé kan náà ló wá, irun rẹ̀ ti funfun. Ó gbé àkàbà ti ògiri, ó gba bébà, ó kà á.

"Ẹ̀yin lẹ ti ń bú mi kiri láti ọjọ́ yìí wá, Ìyá. Mo ti gbà. Dò-dò, àbí?"

Ìyá Àmì gba bébà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a sínú àpò.

"Kun ún bó ti wà."

"Pẹ̀lú àṣìṣe inú rẹ̀?"

"Àṣìṣe wo? Kí àmì òkè yẹn hàn dáadáa. Kí ẹni tó wà lójú títì rí i."

Ọ̀gá tuntun dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró sábẹ́ ògiri tó ń dán yìnrìn.

"Ìyá Àmì! Ẹ̀yin fúnra yín?"

"Ohun tó wà lára ògiri ló wà lára ògiri," ni Ìyá Àmì wí. "Ẹ sì bèèrè ẹni tó máa dúró síbí. Èmi ni." Kí ọ̀gá tó rí èsì fọ̀, ó ti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ dé. Ó ti wà ní kíláàsì kẹta, ó ti ga ju Ìyá Àmì lọ. Ó na ọwọ́ ọ̀tún, àtẹ́lẹwọ́ tí àpá iná sọ di dídán. Ìyá Àmì gbà á. Kò gbóná, kò tutù. Ó fẹ́ fi í sílẹ̀ kí ẹni tó kàn bọ́ síwájú, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Ọwọ́ yín ń gbọ̀n, mà."

"Òtútù àárọ̀ ni."

"Òfin kejì, mà," ni Jẹ́jẹ́ wí.

Ìyá Àmì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì fọ́ sí i lẹ́nu. Jẹ́jẹ́ di ọwọ́ náà mú títí ó fi ṣíwọ́ gbígbọ̀n. Lẹ́yìn náà ló tó kọjá lọ sí kíláàsì, ẹni tó tẹ̀lé e sì na ọwọ́.